Orúkọ Mẹ́rin Lórí Àpótí Kan: Ohun tí Mọ́dẹ̀lì Bàálù Zero Lè Kọ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Ẹ̀dá-Èdè

Bí ẹ bá gbé àpótí mọ́dẹ̀lì bàálù ogun síwájú akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, ẹ́ńjìnnì ni yóò kọ́kọ́ wá. Bí ẹ bá gbé e síwájú akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn, yóò béèrè ogun tí wọ́n lò ó. Èmi tí mò ń parí ẹ̀kọ́ ẹ̀dá-èdè lọ́wọ́, orúkọ ni mo kà, mo sì ka mẹ́rin lórí ìdérí kan ṣoṣo.

Àpótí tí mò ń sọ ni ti bàálù ogun Japan tí iléeṣẹ́ Tamiya ṣe ní ìwọ̀n 1/48. A6M2b wà níbẹ̀. Zero Fighter wà níbẹ̀. Zeke wà níbẹ̀, nínú àkámọ́. Ìkẹrin ni wọ́n fi lẹ́tà ilẹ̀ Japan kọ. Bí a bá kà á síta, ohun tí a ó gbọ́ ni reishiki kanjō sentōki ni-ichi-gata. Bàálù kan náà ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń tọ́ka sí, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó jẹ́ ògidì ìtumọ̀ èkejì. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, àwọn tó sọ èyí lórúkọ kò sì wo ilé kan náà.

Ohun tí mo fẹ́ kí a fi àpótí yìí kọ́ kò ju pé kí a tó túmọ̀ orúkọ, kí a mọ ètò tó bí i. Mo ní ìdí tí mo fi ń sọ bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ kọ àkọlé kékeré kan ní èdè Yorùbá sí abẹ́ mọ́dẹ̀lì náà, kò sì sí ọ̀rọ̀ tí mo gbé kalẹ̀ tí kò dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín èmi àti àwọn akẹgbẹ́ mi.

Fún ẹni tí kò bá tíì rí irú nǹkan báyìí: inú àpótí náà ni ẹ̀yà ara bàálù wà ní wẹ́wẹ́, tí a fi ike ṣe, tí wọ́n so mọ́ ọ̀pá ike tẹ́ẹ́rẹ́ bí èso ṣe ń so mọ́ ẹ̀ka. A ó fi abẹ gé wọn, a ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n pọ̀, a ó kùn wọ́n ní ọ̀dà. Lẹ́yìn náà ni a ó rẹ àwọn àmì àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀ sórí bébà sínú omi, tí a ó sì rọra fà wọ́n sára rẹ̀. Apá bàálù náà gan-an fẹ̀ tó mítà 12 láti ìkángun kan dé ìkejì. Ní 1/48, ó di sẹ̀ǹtímítà 25, kò gùn tó rúlà tí a ń lò ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ará Japan ń pe irú mọ́dẹ̀lì yìí ní puramoderu. Ẹ tẹ́tí sí Gẹ̀ẹ́sì tó fara pamọ́ síbẹ̀: "pura" jẹ́ gígékúrú ọ̀rọ̀ tí wọ́n yá fún ike, "moderu" sì ni mọ́dẹ̀lì tiwa yìí. Èdè Japan, bíi Yorùbá, kò fẹ́ kí kóńsónáǹtì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ rọ́ lu ara wọn, kò sì fẹ́ kí kóńsónáǹtì parí ọ̀rọ̀, àyàfi aránmúpè. Fáwẹ̀lì ni wọ́n fi ń là wọ́n níjà. Bí àwa ṣe sọ pé búrẹ́dì, gíláàsì àti búlọ́ọ̀kù ni wọ́n ṣe sọ pé puramoderu. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé fáwẹ̀lì i ni àwa sáàbà máa ń fi sí i, tàbí u bí ètè bá kó sí ọ̀rọ̀ náà. U ni tiwọn lọ́pọ̀ ìgbà. Kò pẹ́ tí ó fi gùn jù lẹ́nu wọn, wọ́n sì gé e kúrú sí puramo. Àṣà gígékúrú yìí ni kí ẹ fi sọ́kàn, nítorí a máa padà bá a.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú orúkọ tó rọrùn kúrò nílẹ̀. A6M2b kì í ṣe ọ̀rọ̀, àkójọ àmì ni. A dúró fún bàálù ìjà tó ń gbéra láti orí ọkọ̀ ojú omi. 6 sọ pé òun ni ìkẹfà nínú irú bẹ́ẹ̀. M ni Mitsubishi tó ṣètò rẹ̀. 2 ni ẹ̀dà rẹ̀. B sì ń tọ́ka sí àtúnṣe kékeré. Horikoshi Jiro ni olórí àwọn tó ya àwòrán rẹ̀ ní Mitsubishi, ó sì kọ́kọ́ fò ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 1939. Èyí tí wọ́n ṣe kí ogun tó parí lé ní 10,000, iléeṣẹ́ mìíràn tó ń jẹ́ Nakajima ló sì kan èyí tó ju ìdajì lọ. Síbẹ̀, M kò kúrò nínú orúkọ. Bí ọmọ ṣe ń jẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé alágbàtọ́ ló dàgbà sí ni.

Orúkọ tí wọ́n fi lẹ́tà Japan kọ ni wàhálà wà. Rei ni òdo. Shiki ni irú. Kanjō ni "orí ọkọ̀ ojú omi". Sentō ni ìjà, ki sì ni ẹ̀rọ. Bí a bá tò ó pọ̀, "ẹ̀rọ ìjà orí ọkọ̀ ojú omi irú òdo" ni. Kí ni òdo ń ṣe níbẹ̀? Ọdún ni. Ilẹ̀ Japan ní kàlẹ́ńdà kan tó bẹ̀rẹ̀ kíkà láti ìgbà tí wọ́n gbà pé ọba wọn àkọ́kọ́, Jimmu, gorí ìtẹ́. Nínú kàlẹ́ńdà náà, ọdún 1940 ni 2600. Nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn nínú ọdún tí wọ́n gba ohun ìjà wọlé ni wọ́n fi ń sọ ọ́ lórúkọ: èyí tó wọlé ní 1937 jẹ́ irú 97, èyí tó wọlé ní 1939 jẹ́ irú 99. Nígbà tí ó kan 2600, àwọn ọmọ ogun ojú omi mú 0. Àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ wo ọdún kan náà, wọ́n sì mú 100. Èyí dùn mọ́ mi púpọ̀. Orílẹ̀-èdè kan, ọdún kan, ẹgbẹ́ ogun méjì. Ọ̀kan ní kò sí nǹkan kan lẹ́yìn ọdún náà, èkejì ní ọgọ́rùn-ún pé.

Nítorí náà, ẹni tó bá túmọ̀ Zero sí "Bàálù Òfo" ti sọ ohun tí kò sí níbẹ̀. Ẹlòmíì yóò tilẹ̀ gbọ́ òfò mọ́ òfo, kí ó tó mọ̀, bàálù náà ti di ti àdánù. "Bàálù Òdo" kò sàn púpọ̀. Lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá, òdo ni ohun tí olùkọ́ ń kọ sí iwájú ìwé ẹni tó kùnà. Kò sí ẹni tí yóò gbọ́ "irú òdo" tí ọkàn rẹ̀ yóò lọ sí kàlẹ́ńdà ọba. "Irú ti ọdún 2600" ni mo rò pé ó sún mọ́ ọn jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dùn létí.

Àwọn awakọ̀ rẹ̀ kò lè máa pe gbogbo gígùn yẹn. Wọ́n gé e kúrú sí reisen: rei láti iwájú, sen láti inú sentōki. Ẹ wo bí wọ́n ṣe gé e. Nígbà tí àwa bá ń gé orúkọ kúrú, apá kan tí ìtumọ̀ rẹ̀ ṣì dá dúró ni a máa ń mú, tí a ó sì ju ìyókù nù. Adébáyọ̀ di Báyọ̀, Ayọ̀bámi di Ayọ̀. Àwọn ará Japan á mú ẹ̀là kan láti ara apá kìíní, wọn á mú ẹ̀là kan láti ara apá mìíràn, wọn á sì so wọ́n pọ̀. Bí a bá gé Adébáyọ̀ lọ́nà tiwọn, a lè ní "Adéyọ̀", orúkọ tó dára ni, ṣùgbọ́n ti ẹlòmíì ni. Ohun tó mú kí ọ̀nà náà rọ̀ wọ́n lọ́rùn ni pé ẹ̀là kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà tirẹ̀ tó ń gbé ìtumọ̀. Ojú rí ìtumọ̀ náà kódà nígbà tí etí kò bá gbọ́ ọ.

Nítorí pé lẹ́tà náà ló ń gbé ìtumọ̀, ẹnu lè kà á ní ọ̀nà méjì. Lẹ́tà òdo ni rei, ọ̀rọ̀ tó ti ilẹ̀ Ṣáínà wọ èdè Japan láti ọjọ́ pípẹ́. Ṣùgbọ́n òdo tún ni zero, tó wọlé láti ẹnu àwọn òyìnbó. Àwa náà ní irú rẹ̀: òfuurufú jẹ́ tiwa, sánmà gba ọ̀dọ̀ Lárúbáwá wá, a sì ń lo méjèèjì láìjà. Ní Japan nígbà ogun, ìjà wà. Wọ́n pe Gẹ̀ẹ́sì ní èdè ọ̀tá, ìpolongo sì wà pé kí aráàlú yọ ọ́ lẹ́nu. Kódà nínú eré baseball, wọ́n wá ọ̀rọ̀ Japan fi dípò àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí adájọ́ eré ń ké. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ awakọ̀ ń pe bàálù tí wọ́n fi ń bá Amẹ́ríkà jà ní zerosen, wọ́n sì ń pè é ní reisen pẹ̀lú. Àwọn kan máa ń sọ lónìí pé ẹ̀yìn ogun ni àwọn ará Amẹ́ríkà kó "zero" wá fún wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu wọn kí ogun tó parí. Òfin èdè kì í tètè dé ibi tí ọ̀rẹ́ ti ń bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀.

Ó ku 21 tó wà ní ìparí orúkọ náà. Akẹgbẹ́ mi kan tó ràn mí lọ́wọ́ pẹ̀lú àkọlé kọ́kọ́ kọ "ẹ̀dà kọkànlélógún". Ó bá gírámà mu, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtumọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Àwọn ará Japan kò kà á bí iye, ni-ichi ni wọ́n kà, ìyẹn "méjì-ọ̀kan", bí àwa náà ṣe ń ka nọ́ńbà fóònù lọ́kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ń sọ iye ìgbà tí ara bàálù náà ti yí padà, èkejì ń sọ ti ẹ́ńjìnnì. Méjì-ọ̀kan: ara kejì, ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́. Mẹ́ta-méjì ni èyí tí wọ́n gé ìkángun apá rẹ̀, tí wọ́n sì fún ní ẹ́ńjìnnì tuntun. Nígbà tí wọ́n wá dá apá gígùn padà pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tuntun yẹn, ara ti padà sí ìkejì, orúkọ rẹ̀ sì di méjì-méjì. Ẹ rí i pé 22 dé lẹ́yìn 32! Òǹkà Yorùbá, tó ń fi "lé" àti "dín" ṣírò, yóò sọ gbogbo èyí di iye lójú ẹsẹ̀. Méjìlélógún kò lè wá lẹ́yìn méjìlélọ́gbọ̀n lọ́kàn ẹnikẹ́ni.

Ibi apá gígé yẹn ni orúkọ kẹrin ti rí ìtàn jẹ. Ní 1942, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà àti àwọn alájọṣe wọn kò mọ orúkọ tí àwọn ará Japan ń pe bàálù wọn. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ń pè é bó ṣe mọ̀ ọ́n, bàálù kan sì lè ní orúkọ mẹ́ta nínú ìwé ìròyìn ogun ọjọ́ kan. Ọ̀gágun kan tó ń jẹ́ Frank T. McCoy, ọmọ ìpínlẹ̀ Tennessee, ló bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn ní orúkọ ènìyàn. Bàálù ìjà gba orúkọ ọkùnrin, bàálù tó ń ju bọ́ǹbù gba orúkọ obìnrin, èyí tó ń kẹ́rù gba orúkọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú T, èyí tí wọ́n fi ń kọ́ awakọ̀ gba orúkọ igi. Zeke, Nate, Rufe, Jake: orúkọ ará oko ni lójú àwọn ará Amẹ́ríkà, irú èyí tí wọ́n ń jẹ́ ní àgbègbè tí McCoy ti wá.

Ẹ má fojú ẹ̀fẹ̀ nìkan wo ètò yìí. Gẹ̀ẹ́sì kò ní ìsọ̀rí ọ̀rọ̀ orúkọ bí Swahili ṣe ní in, níbi tí m- inú mtu ti ń sọ fún wa pé ènìyàn ni, tí ki- inú kiti sì ń sọ pé nǹkan ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ogun béèrè irú ìsọ̀rí bẹ́ẹ̀, wọ́n fi akọ àti abo orúkọ ènìyàn ṣe é. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ obìnrin lórí rédíò ti mọ̀ pé bọ́ǹbù ń bọ̀ kí ó tó mọ bàálù wo gan-an ni. Orúkọ náà tún kúrú, sílébù kan tàbí méjì lọ́pọ̀ ìgbà, kí ariwo rédíò má baà gbé e mì. Ẹni tó bá fẹ́ ké "reishiki kanjō sentōki" fún ẹnì kejì rẹ̀, ìbọn á ti dún kí ó tó pè é tán.

Ètò tó dá lórí ohun tí ojú rí máa ń ṣìnà níbi tí ojú bá ti ṣìnà. Nígbà tí mẹ́ta-méjì fara hàn pẹ̀lú ìkángun apá tó gé gbọọrọ, wọ́n rò pé bàálù tuntun pátápátá ni, wọ́n sì sọ ọ́ ní Hap. Hap ni ìnagijẹ ọ̀gá àgbà àwọn ọmọ ogun òfuurufú Amẹ́ríkà, Henry Arnold. Inú rẹ̀ kò dùn pé wọ́n ń yìnbọn lu orúkọ òun lójoojúmọ́, wọ́n bá yí i padà sí Hamp. Nígbà tó yá ni wọ́n mọ̀ pé Zero náà ni, wọ́n sì pè é ní Zeke 32. Ẹni tó bá to mọ́dẹ̀lì méjèèjì yóò rí àṣìṣe náà lọ́wọ́ ara rẹ̀: ìyàtọ̀ ìkángun apá kan sí òmíràn, ní 1/48, fi díẹ̀ lé ní sẹ̀ǹtímítà kan.

Kí n tó kúrò níbẹ̀: àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ wa tó lọ jà ní Bọ́mà wà lábẹ́ ojú ọ̀run tí bàálù ìjà Japan tó wọ́pọ̀ jù níbẹ̀ kì í ṣe Zero. Hayabusa àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ ni, èyí tí àwọn alájọṣe pè ní Oscar. Hayabusa jẹ́ irú àṣá kan tó yára gan-an. Bí ẹ bá rí àwòrán bàálù Japan nínú ìwé nípa ogun Bọ́mà tí wọ́n kọ Zero sí abẹ́ rẹ̀, ẹ tún un wò.

Mo wá dé orí ọ̀dà. Tí èèyàn bá fẹ́ fi mọ́dẹ̀lì kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, ibí ni kí ó jókòó sí. Inú ara bàálù náà, níbi tí ojú kì í dé, wọ́n fi nǹkan kan tó ń dán kùn ún kí ìpẹtà má baà jẹ ẹ́. Orúkọ rẹ̀ ni aotake. Take ni ọparun. Ao ni... ẹ dúró ná. Ao ni àwọ̀ ojú ọ̀run. Ao náà ni àwọ̀ ewé tuntun; aoba ni wọ́n ń pe ewé tútù. Iná ojú títì tó ní kí ọkọ̀ máa lọ, ao ni lẹ́nu wọn. Ọ̀rọ̀ kan wà fún àwọ̀ ewé nìkan, midori, ṣùgbọ́n ao kò tíì fi gbogbo ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún un. Nítorí náà, ẹni tó bá ka ìwé ìtọ́ni ní èdè Gẹ̀ẹ́sì yóò máa béèrè: ṣé búlúù ni tàbí gíríìnì? Lára ọkọ̀ tó ṣẹ́kù, nígbà mìíràn ó jọ búlúù, nígbà mìíràn ó jọ gíríìnì. Èdè tó sọ ọ́ lórúkọ kò bèèrè ìbéèrè yẹn rárá.

Ọmọ Yorùbá kò gbọdọ̀ fi èyí rẹ́rìn-ín. A ti ka Berlin àti Kay ní kíláàsì, ìwé wọn ti 1969 lórí orúkọ àwọ̀, a sì mọ̀ pé dúdú, funfun àti pupa ni òpó mẹ́ta tí tiwa dúró lé. Aṣọ aró dúdú ni, ẹni tí awọ ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ pupa ni, epo pupa ni. Bí a bá fẹ́ sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, a máa ń lọ wá nǹkan fi ṣàpèjúwe, àwọ̀ ewé, àwọ̀ eérú, tàbí kí a so ọ̀rọ̀ aṣàpèjúwe mọ́ ọn: pupa fòò, pupa rẹ́súrẹ́sú. Àìpé èdè kọ́ nìyẹn. Ibi tí ìlà pín sí ló yàtọ̀.

Àríyànjiyàn tó le jù láàárín àwọn tó ń to Zero dá lórí ìta rẹ̀. Láti bíi 1943 lọ, ewé dúdú ni òkè rẹ̀, ìyẹn kò ní wàhálà. Ṣùgbọ́n àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀, irú èyí tó lọ sí Pearl Harbor ní oṣù kejìlá 1941, ní àwọ̀ kan ṣoṣo, ìwé kan tí ilé ìwádìí àwọn ọmọ ogun ojú omi Japan kọ nígbà ogun sì lo ọ̀rọ̀ náà ame-iro fún un. Iro ni àwọ̀. Ame ni adùn dídì tí wọ́n ń ṣe, tó máa ń pọ́n bíi ṣúgà tí a yọ́ lórí iná. Àwọn kan ka ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sì kun bàálù wọn ní àwọ̀ ṣúgà jíjó. Àwọn kan ní irọ́ ni, eérú ni. Ṣùgbọ́n bí a bá ka gbólóhùn náà tán, ó sọ pé eérú ni, eérú tó fi díẹ̀ ní ame-iro nínú, ó sì lo mọ́fíìmù -gakaru, tí ó túmọ̀ sí pé àwọ̀ kan ń fà sí òmíràn láì tíì dé ibẹ̀. Gbogbo ìjà náà wà lórí mọ́fíìmù kan tí àwọn olùkàwé fò kọjá. Tiwa ti wà nílẹ̀ fún un tipẹ́: eérú tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ohun tí mo pò nìyẹn, ojú mi sì gbà á.

Ní 1943, àwọn ọmọ ogun ojú omi Japan fi ètò ọdún sílẹ̀ fún bàálù tuntun, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohun tó wà ní ayé sọ wọ́n lórúkọ. Bàálù ìjà orí ọkọ̀ ojú omi gba orúkọ afẹ́fẹ́, èyí tó ń dúró de ọ̀tá nílé gba mànàmáná, ti òru gba ìmọ́lẹ̀, èyí tó ń ju bọ́ǹbù gba ìràwọ̀. Raiden ni àrá àti mànàmáná. Gekkō ni ìmọ́lẹ̀ òṣùpá. Èyí tí wọ́n ní kó gba ipò Zero ni Reppū, ẹ̀fúùfù líle. Ẹ wo fonọ́lọ́jì rẹ̀: fū ni afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tí retsu bá pàdé fū, tsu rá, f di p, p sì di ìlọ́po. Nínú Kyōfū, tí fáwẹ̀lì gígùn ṣáájú, f dúró jẹ́ẹ́. Ẹni tó bá ti ṣàlàyé ìdí tí "ní owó" fi di "lówó" tí "ní ilé" sì di "nílé" mọ irú iṣẹ́ tó wà níbẹ̀. Zero ti ní orúkọ kí ètò yìí tó dé, nítorí náà kò gba ẹwà kankan.

Ẹwà náà ni mo fẹ́ kí a fara balẹ̀ wò. Láti oṣù kẹwàá 1944, ní Philippines, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rán àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin jáde pẹ̀lú Zero tí wọ́n so bọ́ǹbù mọ́, kí wọ́n fi bàálù àti ara wọn kọlu ọkọ̀ ojú omi. Orúkọ ẹgbẹ́ náà ní ìwé ìjọba ni Shinpū, afẹ́fẹ́ ọlọ́run. Lẹ́tà kan náà, bí a bá kà á lọ́nà ìbílẹ̀ Japan, ni kamikaze tí gbogbo ayé mọ̀. Rei àti zero náà nìyẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́tà kan, ẹnu méjì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ̀rọ kan tí wọ́n kàn fún iṣẹ́ yẹn nìkan dé. Bàálù ńlá ló ń gbé e lọ lábẹ́ ikùn, bọ́ǹbù iwájú rẹ̀ wúwo tó kílógíráàmù 1,200, ẹni tó wọ inú rẹ̀ kò sì ní ọ̀nà láti padà. Wọ́n sọ ọ́ ní Ōka, òdòdó igi sakura, èyí tó máa ń rẹ̀ dànù láìpẹ́ lẹ́yìn tó bá tanná. Àwọn ará Amẹ́ríkà náà fún un ní orúkọ, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí wọn kò wá a sí Tennessee. Wọ́n yá a lẹ́nu ọ̀tá: Baka, òmùgọ̀, ní èdè Japan. Àwọn awakọ̀ Japan ń fi Gẹ̀ẹ́sì pe bàálù tiwọn, àwọn ará Amẹ́ríkà ń fi èdè Japan bú ọmọkùnrin tó wà nínú òdòdó. Mọ́dẹ̀lì Ōka wà ní ọjà, orúkọ òdòdó náà sì ni wọ́n ń tà á mọ́.

Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n rán lọ kò dàgbà jù mí lọ, àwọn kan sì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí wọ́n fà kúrò ní kíláàsì. Nítorí náà, nínú àkọlé mi, mi ò fi ohun ẹlẹ́wà kankan kún un. Ó kà báyìí: "Bàálù ìjà àwọn ọmọ ogun ojú omi Japan, irú ti ọdún 2600, ẹ̀dà méjì-ọ̀kan. Àwọn tó wà á pè é ní Reisen àti Zero. Àwọn tó bá a jà pè é ní Zeke. Ó kọ́kọ́ jà lókè Chongqing ní Ṣáínà, oṣù kẹsàn-án 1940." Akẹgbẹ́ mi ní ó gùn jù fún mọ́dẹ̀lì tí kò tó rúlà. Ó gùn lóòótọ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tó wà lára bàálù náà fúnra rẹ̀. Lórí apá, lẹ́yìn, níbi tí irin ti fẹ́lẹ́, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀: fumuna. Fumu ni ọ̀rọ̀ ìṣe, "tẹ̀". Na ni "má". Lára bàálù àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀, noruna ni ẹ máa rí, láti ara noru, "gùn". Má tẹ̀ ẹ́. Má gun orí rẹ̀. Yorùbá gbé "má" ṣáájú, a ti mọ̀ pé èèwọ̀ ń bọ̀ kí a tó gbọ́ ohun tí wọ́n kà léèwọ̀. Èdè Japan, tí ọ̀rọ̀ ìṣe rẹ̀ ń kẹ́yìn gbólóhùn, jẹ́ kí ẹsẹ̀ gbéra ná, kí na tó wá dá a dúró. Kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, kò sí "jọ̀wọ́". Àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe ní ìdájí ni wọ́n kọ ọ́ fún. Ní 1/48, gbogbo rẹ̀ kéré sí hóró ìrẹsì. Mo fi ìmú abẹ gbé e, mo fi omi díẹ̀ tẹ́ ẹ, mo sì lo awò kí n tó dá mi lójú pé mi ò lẹ̀ ẹ́ ní ìdojúdé.